Ófà Kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo ti mọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́.
Nígbà tí wọ́n ní ófà ti pé ọgbọ̀n,
mo fi abẹ́rẹ́ gún ìrọ̀rí, mo bọ́ awò ojú mi,
mo ní, "Múfútàú, gbé ìwé mi àtijọ́ wá,
wọ́n ti dé ibi tá a máa ń kú sí."

Mẹ́ta lọ láàárín bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án.
Oyèlọ́wọ̀ ọmọ Ìyá Oníkajú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí,
tó ti gbá àádọ́ta láìlàágùn,
ló ju bàtì sí bọ́ọ̀lù tí kò bá a jà,
bí ẹni ń lé eṣinṣin.
Igi mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́n ká.

Àwọn ọlọ́rọ̀ gbígbóná ní àìlówó ni,
wọ́n ní ọkàn wọn ò le,
wọ́n ní kí kóòṣì òyìnbó máa lọ, kí kóòṣì òyìnbó mìíràn máa bọ̀.
Mi ò ní irọ́ ni wọ́n pa.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ iye fún wọn
lọ́dún mẹ́rìndínlógún, ní pápá ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́,
ẹfun télọ̀ létí, ìwé onílà lórí itan.

Ẹní kan ṣoṣo la ní.
Ẹní okùn àgbọn, tí à ń tẹ́ sórí ilẹ̀ pupa
kí bọ́ọ̀lù lè ta dáadáa.
Ti ìjọ ni. Díákónì Àtàndá ló yá wa,
àdéhùn rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ:
bí aago mẹ́rin bá lù,
kí ẹní ti wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn kí àwọn akọrin tó dé.

Ẹ wo ojú ìwé yìí. Ẹ ṣí èkejì.
Ófà àkọ́kọ́, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́fà.
Ní ogún, ó ṣì ń dùn.
Ní ọgbọ̀n, mo fa ilà gbọọrọ,
mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Ẹní ti lọ.*
Ọdún mẹ́rìndínlógún,
kò sí ófà kọkànlélọ́gbọ̀n kankan nínú ìwé mi.

Ọmọ tí kò rí ìrọ̀lẹ́ rí,
kí ni yóò fi ìrọ̀lẹ́ ṣe?

"Gbá a! Gbá a! Díákónì ń bọ̀!"
Ohùn tèmi náà wà níbẹ̀.
Ọmọ kan wà, Àkànó,
tó lè dúró, tó lè jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá lọ ní tirẹ̀.
A sọ ọ́ ní Òpó Iná. A fi rẹ́rìn-ín títí ó fi ju bàtì sílẹ̀.
Ó ń ta sìmẹ́ńtì báyìí lọ́nà Arówómọlẹ̀,
ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń ka àpò kó tó gbowó.

Eré ọjọ́ kan. Orúkọ yẹn ló tàn wá,
a ṣebí ọjọ́ kan kúrú.
Mo ti rán agbádá, mo mọ̀:
ọrùn ni oníbàárà ń yìn,
ṣùgbọ́n ìṣẹ́po etí aṣọ, gígùn, aláìlẹ́wà,
níbẹ̀ ni télọ̀ ti ń kánjú,
níbẹ̀ náà ni aṣọ ti ń tú.

Lásìkò kajú, Oyèlọ́wọ̀ wálé.
Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ń fi èékánná họ tábìlì.
Mi ò bi í. Òun ló sọ ọ́:
"Bàbá, bó bá ti di ìgbà yẹn,
mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi,
bí ẹni tó fẹ́ ká nǹkan kúrò lábẹ́ mi."

Eku ti jẹ ẹní yẹn tán láti ọdún kẹjọ.
Díákónì ti sùn nínú Olúwa.
Mi ò sọ ọ́ fún un.
Mo ṣí ojú ìwé tó mọ́,
mo kọ ọgbọ̀n ó lé kan sókè rẹ̀,
mo ní, "Jókòó. Má tíì lọ."